Ọkọ̀ Ńlá Kì í Sọ Ènìyàn Di Àrìnrìn-àjò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí àríyànjiyàn kan tí ó ti ń lọ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. A jọ kàwé ni, a sì jọ fi èdè Yorùbá ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ku ọdún díẹ̀ kí èmi náà fẹ̀yìn tì.

Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ mi yìí tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n mú òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí Alaska, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní ìhà àríwá pátápátá. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun ni wọ́n wọ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n sì lò. Nígbà tí ó padà dé, ó fi àwòrán hàn mí títí ojú fi ń ro mí: àwòrán yìnyín, àwòrán ẹja àbùùbùtán, àti àwòrán oúnjẹ tí ó pọ̀ ju ti yìnyín lọ. Ó wá fi ọwọ́ lu àyà, ó ní, "Mo ti rí Alaska tán." Mo bi í pé, "Ta ni ó ni ilẹ̀ tí ẹ dé? Èdè wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, a kò lọ ṣe ìdánwò níbẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí síbẹ̀ ni, n kì bá tí gbé kálámù. Ṣùgbọ́n àkọ́bí mi obìnrin, tí òun náà ń gbé ní Seattle, ti wá pè wá lórí fóònù. Ó fẹ́ mú èmi àti ìyá rẹ̀ lọ sí ibẹ̀ kan náà. Ó ní kí a yàn: ṣé ọkọ̀ ńlá ni kí òun sanwó rẹ̀, àbí kí a máa dá lọ láti ìlú dé ìlú fúnra wa? Ó ń retí èsì kí oṣù yìí tó parí. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ó tún fi ọkọ̀ ńlá sílẹ̀, orí rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Èsì mi fún un ni mo ń kọ yìí, mo sì ń kọ ọ́ sí gbangba nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ní ọmọ lókè òkun ni a ó bi ní irú ìbéèrè yìí lọ́jọ́ kan. Òótọ́ ni pé n kò tí ì dé Alaska. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ra ẹrù ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti gbé e délé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ti tó. Alaska fẹ̀ tó 1,700,000 kìlómítà níbùú-lóròó. Nàìjíríà wa yìí, 923,768 ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, 733,391 péré ni wọ́n bá ní gbogbo Alaska. Juneau tí í ṣe olú-ìlú rẹ̀ kò ní ọ̀nà mọ́tò kankan tí ó so ó mọ́ ìlú mìíràn. Ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú ni ènìyàn fi í dé ibẹ̀. Rọ́ṣíà ta ilẹ̀ náà fún Amẹ́ríkà ní 1867 ní 7,200,000 dọ́là. Àwọn Tlingit, Haida, Athabascan, Yup'ik àti Iñupiaq, tí àwọn baba ńlá wọn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bóyá ilẹ̀ wọn wà fún títà. Ilẹ̀ tí ó tóbi tó báyìí, tí ìtàn rẹ̀ sì jinlẹ̀ tó báyìí, ṣé ọjọ́ méje ni ènìyàn yóò fi rí i tán?

Ẹ wá wo ọkọ̀ ńlá náà fúnra rẹ̀. Ilé alájà púpọ̀ tí ó ń léfòó lórí omi ni. Ọ̀kan nínú wọn lè kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tàbí mẹ́rin èrò. Ní 2023, àwọn èrò tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó dé Juneau lé ní 1,600,000, bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan bí 32,000 ènìyàn ni ó ń gbé ìlú náà. Ara ni àwọn onílé. Ìlú àti àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe àdéhùn pé, láti 2024, ọkọ̀ ńlá tí yóò máa gúnlẹ̀ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n tún dìbò lórí pé kí ọkọ̀ ńlá má ṣe wá rárá ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ni wọ́n borí, nítorí pé owó tí ọkọ̀ ń mú wọlé ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Ẹ ò rí i pé àwọn onílé fúnra wọn wà láàárín méjì: wọ́n ń fẹ́ owó àlejò, àlejò sì ti ń pọ̀ ju ilé lọ.

Nínú gbogbo àwòrán tí ọ̀rẹ́ mi fi hàn mí, èyí tí ó fi ń yangàn jù ni ti Glacier Bay, ibi tí yìnyín gbagidi ti ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí odò títí yóò fi ya lulẹ̀ sínú òkun. Mo bi í pé, "Ìgbà wo ni ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀?" Ó ní àwọn kò sọ̀ kalẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá kì í gúnlẹ̀ ní Glacier Bay. Méjì péré ni ìjọba ń gbà láyè láti wọ ibẹ̀ lójúmọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ igbó ni yóò gòkè wá bá àwọn èrò nínú ọkọ̀, yóò bá wọn sọ̀rọ̀, ọkọ̀ yóò yí po, yóò sì jáde. Ẹsẹ̀ wọn kò ní kan ilẹ̀.

Kí ni ẹsẹ̀ ìbá bá pàdé bí ó bá kan ilẹ̀? Ní nǹkan bí 1750, yìnyín yìí ṣàn wá, ó lé àwọn Tlingit kúrò ní abúlé tí wọ́n tẹ̀dó sí níbẹ̀, wọ́n sì sá lọ sí Hoonah. Nígbà tí George Vancouver kọjá ní 1794, yìnyín ṣì dí ẹnu omi náà. Nígbà tí John Muir dé ní 1879, yìnyín ti sá sẹ́yìn ní ohun tí ó ju kìlómítà 45 lọ. Kí àwọn onílé tó rí ọ̀nà padà sílé dáadáa, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ibẹ̀ di ibi ìpamọ́ ní 1925, wọ́n sì wá ń ká wọn lọ́wọ́ kò lórí ọdẹ àti ẹyin ẹyẹ tí wọ́n ti ń kó níbẹ̀ láti ayébáyé. Ó di 2016 kí wọ́n tó ṣí ilé ńlá kan fún àwọn Tlingit ní Bartlett Cove, nínú Glacier Bay yìí kan náà. Xunaa Shuká Hít ni orúkọ ilé náà. Ó gbà wọ́n ní ohun tí ó ju igba ọdún lọ kí wọ́n tó tún ní ilé àjọni ní ilẹ̀ baba wọn. Ilé yìí ni ọ̀rẹ́ mi kọjá lára rẹ̀. Ó rí yìnyín, kò rí ilé. Ó ní òun ti rí i tán!

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ ìgbádùn àti ìyà kọ́ ni mo ń sọ. Bí wọ́n ti sábà máa ń gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ nìyẹn: ṣé ibùsùn rírọ̀ ni tàbí àgọ́ tí òjò ń pa? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ta ni yóò yan àgọ́? Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ara wa ni pé, ọwọ́ ta ni a ó wà nígbà tí a bá dé ọ̀hún? Nínú èdè wa, àlejò kì í ṣe ẹni tí ó kàn ń kọjá lọ. Àlejò ní onílé. Onílé yóò kí i káàbọ̀, yóò fún un ní omi, yóò bi í léèrè ọ̀nà. Òun náà yóò kí onílé, yóò jẹ ohun tí ilé ń jẹ, yóò sì sùn síbi tí wọ́n bá tẹ́ ẹní sí fún un. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ni ó ń bá a la ojú náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ilé rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, orin rẹ̀ àti ibùsùn rẹ̀ wá lórí omi, kò ní onílé. Onílé gan-an ni ó wá di àlejò lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀, tí ó dúró ní èbúté láti ta ọjà fún wákàtí díẹ̀ kí fèrè ọkọ̀ tó dún.

Èmi olùkọ́ èdè kò lè fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Òkè tí ó ga jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà wà ní Alaska; ó ga tó mítà 6,190. Denali ni àwọn Koyukon ń pè é, orúkọ tí ó ń sọ nípa gíga rẹ̀. Ní 1896, ọkùnrin kan tí ó ń wá wúrà kiri fi orúkọ William McKinley pè é, olóṣèlú tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Ìjọba fọwọ́ sí orúkọ yẹn ní 1917. Wọ́n dá Denali padà ní 2015. Wọ́n tún sọ ọ́ di McKinley ní 2025. McKinley tí à ń wí yìí kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ Alaska rí títí ó fi kú. Ní oṣù kìíní 2008, Marie Smith Jones kú ní Anchorage, òun sì ni ẹni ìkẹyìn tí Eyak jẹ́ èdè abínibí fún. Ní 2014, wọ́n ṣe òfin tí ó sọ 20 èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba ní Alaska lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òbí kan ti wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ rí, ó ń bẹ̀ mí kí n má ṣe bá ọmọ òun sọ Yorùbá. Ṣé èmi yìí ni mo wá fẹ́ dé ilẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ dé òpin, kí n sì jókòó sórí ọkọ̀ kí n máa ka iye ẹja àbùùbùtán?

Ẹ dúró ná. Ẹ má ṣe rò pé mo ń yin ẹni tí ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn tí ó ní òun nìkan yóò wọ aginjù. Ní 1992, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Christopher McCandless dá wọ igbó nítòsí Denali pẹ̀lú ìrẹsì àti ìbọn. Wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì àlòpatì kan tí wọ́n pa tì sínú igbó náà. Jon Krakauer kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1996, wọ́n sì fi ṣe sinimá ní 2007. Ni àwọn ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ wo bọ́ọ̀sì náà bí ẹni ń lọ sí ojúbọ. Odò Teklanika gbé ọ̀kan nínú wọn lọ ní 2010, ó tún gbé òmíràn ní 2019. Ní oṣù kẹfà 2020, ìjọba fi hẹlikópítà gbé bọ́ọ̀sì náà kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà, mo sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó wọ igbó láìbi onílé léèrè kò sàn ju ẹni tí ó dúró lórí ọkọ̀ láìbi onílé léèrè. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n dá. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, a mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàrà-Ògùn dá wọ igbó. Nígbà tí ọba wá rán an sí Òkè Lángbòdó, ó kó àwọn ọdẹ mìíràn mọ́ra. Ìrìn-àjò tí ó tóbi jù kì í ṣe àdálọ. Bákan náà ni òfin rí ní ọgbà ìjọba tí ó yí Denali ká: ẹni tí ó bá fẹ́ sùn sínú igbó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, yóò sì tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ sínú agolo tí béárì kò lè ṣí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ya ní 2021, wọ́n ti ọ̀nà náà pa ní máìlì 43, kò sì sí alágbára tí ó lè fi ìkánjú kọjá.

Bí a kò bá wọ ọkọ̀ ńlá, tí a kò sì dá nìkan wọ igbó, ọ̀nà wo ni ó kù? Ọ̀nà tí àwọn onílé ń gbà ni. Láti 1963 ni ìjọba Alaska ti ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ tí ó ń kó èrò àti mọ́tò láti èbúté dé èbúté. Ó ń gbéra láti Bellingham ní ìpínlẹ̀ Washington, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ ọmọ mi, ó sì ń lọ sí Ketchikan, Wrangell, Petersburg àti Juneau. Òun ni aláìsàn ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn, òun ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń wọ̀ lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn díje nínú eré ìdárayá. Ẹni tí ó lówó lè gba yàrá. Ẹni tí kò lówó lè pa àgọ́ sórí ọkọ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje 2019, ọ̀pọ̀ ìlú ni ọ̀nà dí mọ́. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Reluwé kan wà láàárín Talkeetna àti Hurricane tí ó jẹ́ pé ènìyàn kàn máa ń na ọwọ́ sí i lẹ́bàá ọ̀nà ni, yóò sì dúró, bí a ti ń dá mọ́tò dúró lójú títì níbí. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jókòó tì yín ti lè jẹ́ onílé, tí ọ̀rọ̀ yóò sì dé.

N kò ní fi òótọ́ pamọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní àwíjàre mẹ́ta tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àkọ́kọ́, owó: ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ńlá mọ iye tí yóò san kí ó tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n ilé àlejò àti oúnjẹ kò pọ́ọ́kú ní Alaska. Ìkejì, igbó fúnra rẹ̀: èrò tí ó jókòó sínú ọkọ̀ kò tẹ ewéko mọ́lẹ̀, kò sì lé ẹranko. Ìkẹta, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ńlá ni ó ń kọjá lára onílé. Láti 2004, àwọn Tlingit Hoonah ní èbúté tiwọn tí wọ́n ń pè ní Icy Strait Point. Ilé-iṣẹ́ tiwọn ni ó ni ín, àwọn ni wọ́n sì ń gba ọkọ̀ lálejò. Mo gbà gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́, tí ojú rẹ̀ sì ń fẹ́ rí yìnyín kí ó tó fi ayé sílẹ̀, kí ó wọ ọkọ̀ ńlá láìtijú. Ṣùgbọ́n kí ó yan èyí tí yóò gúnlẹ̀ sí èbúté onílé, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni kí ó padà wá sí àárín wa kí ó ní òun ti rí i tán.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú mi dá ẹnu dúró díẹ̀: orúnkún ìyá àwọn ọmọ mi. Ó ń dùn ún gidigidi bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo ka ìwé yìí sí i létí, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Bàbá Títí, gbogbo ohun tí ẹ kà yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ bi onílé léèrè ọ̀rọ̀; èmi, ibi tí n ó jókòó sí ni mo ń bi yín." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé òun náà jẹ́ onílé tí n kò kọ́kọ́ bi léèrè. Ni a bá jókòó pọ̀, a sì gé ìrìn-àjò náà kúrú. A fi Denali sílẹ̀. A fi ilẹ̀ yìnyín tí ó wà lókè réré sílẹ̀. Ohun tí ó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó wa.

Títí ọmọ mi, èsì tí o ń retí nìyí. Gba yàrá fún wa nínú ọkọ̀ ìjọba láti Bellingham dé Juneau. Kí a lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, kí ìyá rẹ lè sinmi. Lẹ́yìn náà, kí a wọ ọkọ̀ lọ sí Gustavus. Kìlómítà 16 péré ni ọ̀nà mọ́tò láti ibẹ̀ dé Bartlett Cove, ilé àlejò sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò lè sun àgọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, òjò kò sì wọ́n ní apá ibẹ̀, a ó jókòó wo omi. Bí a kò bá rí ẹja àbùùbùtán, a kò ní bá òkun jà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi dé ẹnu ọ̀nà ilé Xunaa Shuká Hít, kí n sì kí àwọn tí wọ́n ni ín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ti ń dúpẹ́ ní èdè Tlingit: gunalchéesh. Ahọ́n mi kò tí ì yí i dáadáa, ṣùgbọ́n n ó máa dán an wò títí ọjọ́ yóò fi pé.

Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá padà dé, má ṣe bi mí bóyá mo rí i tán. Bi mí ta ni mo kí. Ire o.